Mo fi ẹtù, alàárì àti sányán dán prínta Epson L8050 wò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìwé ìpè, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ fótò nílé tàbí ní ọ́fíìsì, tí kọ́sítọ́mà sì ti sọ fún yín rí pé "àwọ̀ tẹ́ ẹ fi hàn mí kọ́ lèyí", ẹ jókòó kẹ́ ẹ kà á, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́. Aṣọ òkè ni mo ń tà ní Ìsẹ́yìn. Prínta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni Epson L8050, ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú páálí tí orí mi ń wú, mo ti bá a jìyà, mo sì ti bá a jẹ̀gbádùn.

Ohun tó sún mi dé ìdí ẹ̀ rèé. Ìyá ìyàwó kan wá láti Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ gèlè àti ìpèlé fún ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ṣí álíbọ́ọ̀mù tí mo máa ń kó àwòrán aṣọ sí, wọ́n fọwọ́ lé ẹtù kan, wọ́n ní èyí gan-an làwọn ń wá. Nígbà yẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ni mo ti máa ń tẹ álíbọ́ọ̀mù mi. Mo gbéṣẹ́ fún àwọn ahunṣọ, wọ́n hun ún tán, ó dáa lójú mi, ìyá dé, wọ́n gbé aṣọ lé orí àwòrán, wọ́n kàn dákẹ́ ni. Aṣọ dúdú mìnìjọ̀, aró ẹ̀ jinlẹ̀, àmọ́ èyí tó wà nínú álíbọ́ọ̀mù ti di elésè àlùkò. Ìyá ní pọ́pù làwọn sọ fún gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n ti ra léèsì tó máa bá a lọ. Wọn ò bá mi jà o, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n kàn ní "ọmọ mi, ohun tí mo rí ni mo sanwó fún." Mo gbà pé wọ́n jàre. A tún òmíràn hun, owó òwú àti owó iṣẹ́ ti ìkejì, àpò mi ló ti jáde. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé èmi fúnra mi ni n ó máa tẹ àwòrán aṣọ mi.

Mo lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà. Ìdí tí mo fi mú L8050, tí mi ò mú àwọn onítáńkì (èyí tí wọ́n máa ń rọ íǹkì sí láti inú ìgò) tó kéré sí i lówó, ni pé ọ̀pọ̀ prínta onítáńkì tó wà ní ọ́fíìsì kiri, íǹkì mẹ́rin ni wọ́n ń lò: cyan tó jẹ́ búlúù olómi, magenta tó jẹ́ pupa olódòdó, yẹ́lò, àti dúdú. Eléyìí, mẹ́fà ni, wọ́n fi cyan tó fẹ́lẹ́ àti magenta tó fẹ́lẹ́ kún un. Kí nìyẹn wúlò fún? Tí prínta oníńkì mẹ́rin bá fẹ́ tẹ àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ojú èèyàn tàbí sányán, àfi kó máa ta íǹkì kíkan yẹn ní tótòtó, kó jìnnà síra, tẹ́ ẹ bá wá fojú sún mọ́ ọn ẹ máa rí i bí ẹni da iyanrìn sórí bébà. Oníńkì mẹ́fà á fi èyí tó fẹ́lẹ́ kún àárín ẹ̀, ó máa ń jọ́lọ̀. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà àti risíìtì nìkan ò nílò ẹ̀ rárá, àmọ́ fún fótò, ó yàtọ̀ gan-an.

Mo gbé e délé, mo rọ íǹkì sí i, mo ra bébà fótò tó ń dán, mo ní kó tẹ ẹtù kan náà tó kó bá mi. Ohun tó jáde bà mí nínú jẹ́. Ó ṣú, ó rú, òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ẹtù ò hàn dáadáa, íǹkì ń dúró lójú kan bí omi òjò. Mo ti fẹ́ pe ẹni tó tà á fún mi kí n ní kó wá gbé e, àbúrò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìkì ló bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n, bébà wo lẹ sọ fún un pé ẹ fi sí i?" Mo ní kí nìyẹn túmọ̀ sí, ṣé kò mọ̀ bébà ni?

Kò mọ̀ ọ́n o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa torí òun ló pọ̀ jù nínú wàhálà àwọ̀ tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Tẹ́ ẹ bá tẹ Print, ibì kan wà tí wọ́n kọ Paper Type sí. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Plain Paper ló máa ń wà lórí ẹ̀. Bébà lásán máa ń mu íǹkì wọnú, bébà fótò ní nǹkan tí wọ́n fi bò ó lójú tó máa ń gbá íǹkì dúró sókè, ìwọ̀n íǹkì tó yẹ kí wọ́n dà sí èkíní kọ́ ni ti èkejì, bí prínta ṣe máa po cyan pọ̀ mọ́ magenta pàápàá yàtọ̀ láti bébà sí bébà. Tí bébà tó ń dán bá wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ wá sọ fún un pé bébà lásán ni, ohun tẹ́ ẹ sọ ló máa ṣe, kò lè fọwọ́ kàn án wò. Mo yí i sí bébà fótò tó ń dán, mo yí Quality sí High, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo pariwo! Ẹtù yọ, òwú funfun ẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí mo bá gbé aṣọ gan-an sún mọ́jú.

Ó kù díẹ̀ ṣá. Dúdú ẹ̀ dáa, àmọ́ ibi tí aró ti mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ṣì ń fẹ́ ya sí pọ́pù. Ibí yìí ni àbúrò mi ti ṣàlàyé nǹkan tí mi ò gbọ́ rí. Ojú fóònù àti ti kọ̀ǹpútà, iná ni wọ́n fi ń ṣe àwọ̀, iná pupa, iná gíríìnì, iná búlúù. Búlúù tiwọn, iná tiẹ̀ lọ́tọ̀ ló ní. Prínta ò ní íǹkì búlúù kankan nínú o, cyan ló ń pò mọ́ magenta kí búlúù tó jáde, tí magenta bá wá fi díẹ̀ ju ti cyan lọ, pọ́pù dé nìyẹn. Òun ló ṣẹlẹ̀ sí ẹtù ìyá Ìbàdàn. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta àdìrẹ n'Ítòkù l'Ábẹ́òkúta, tẹ́ ẹ ń tẹ káàdì àwòrán, ó dá mi lójú pé ẹ ti rí i rí, aró ni àwọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ da èèyàn.

Ohun kejì tó tún ń da aró mi rú, èmi ni mo fà á. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láti inú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe, Photoshop sì ń tún àwọ̀ ṣe kó tó fi ránṣẹ́, prínta náà tún ń tún un ṣe tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Bí ìgbà tí ìyàwó ilé méjì bá ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ kan náà, tí ìkíní ò mọ̀ pé ìkejì ti bù ú. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó bu iyọ̀. Fáìlì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ICC profile, àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́jọ ló kóra jọ ní 1993 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé prínta báyìí pẹ̀lú bébà báyìí, bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe máa ń jáde rèé. Tẹ́ ẹ bá gbé driver prínta, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá prínta sọ̀rọ̀, sórí kọ̀ǹpútà, profile àwọn bébà Epson fúnra ẹ̀ sábà máa ń bá a wọlé. Nínú Photoshop, mo yan pé Photoshop ni kó bójú tó àwọ̀, mo mú profile bébà mi, mo wá lọ sínú settings prínta, More Options, mo wá ibi tí Color Correction wà, mo fi sí Custom, mo wọ Advanced, mo yan No Color Adjustment. Ó parí. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ láti orí fóònù tàbí Word, kẹ́ ẹ má da ara yín láàmú, ẹ jẹ́ kí prínta bá yín ṣe é, ẹ kàn rí i pé Paper Type yẹn péye. Ẹ tún fi fótò yín sí sRGB, ìlànà àwọ̀ tí Microsoft àti HP jọ gbé jáde ní 1996, òun sì ni ọ̀pọ̀ prínta ilé ń retí tẹ́ ẹ bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn mo wá dín magenta inú fótò ẹtù kù díẹ̀, bín-ín-tín báyìí, ó bọ́ sípò.

Ọ̀rọ̀ ojú fóònù náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé "ó ṣú ju bó ṣe wà lórí fóònù mi lọ", ẹ wo ibi tẹ́ ẹ gbé iná fóònù dé, òkè téńté ni. Kò sí bébà tó lè tàn bí iná. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé mo máa ń ṣí ojú ewé funfun kan sórí láptọ́ọ̀pù, mo máa gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo máa wá dín iná láptọ́ọ̀pù kù títí funfun méjèèjì á fi fẹ́ jọra. Fóònù tẹ́ ẹ bá ti fi sí Vivid, tàbí èyí tẹ́ ẹ tan eye comfort sí tó ń pọ́n bí epo, ẹ má fi ṣèdájọ́ àwọ̀ o. Ẹ má sì gba fótò tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lórí WhatsApp bí èèyàn ṣe ń fi fótò ránṣẹ́ lásán, ó máa ń fún un pọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi Document.

Ó wá kan ìdánwò mi. Àwọn tó mọṣẹ́ ní bébà aláwọ̀ púpọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ prínta wò, wọ́n tún ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àwọ̀. Èmi, aṣọ ni mo mọ̀. Mo gé ẹtù, alàárì àti sányán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìka ọwọ́ lọ, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí, mo lẹ bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí n lè mọ̀ bóyá kámẹ́rà ń pọ́n àwọ̀ fún mi, mo gbé e sábẹ́ òjìji ògiri ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mi ò tan iná fóònù sí i, mo yà á. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí íǹkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò tíì gbẹ délẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kejì mo gbé páálí àti bébà lọ sẹ́bàá fèrèsé.

Alàárì ò fún mi ní wàhálà kankan, pupa ẹ̀ jáde ní mímu bí osùn, Bàbá tó ń hun aṣọ fún mi gbé méjèèjì sọ́wọ́, wọ́n yí wọn síbìí, wọ́n yí wọn sọ́hùn-ún, wọ́n ní ó pé. Ẹtù, mo ti sọ tiẹ̀. Sányán ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹ ẹ̀ lè gbà gbọ́, sányán tó dà bíi pé kò ní àwọ̀ kankan, òun ló le jù. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe yẹ́lò, kì í ṣe eérú, ó wà láàárín gbogbo wọn, prínta máa ń fi díẹ̀ díẹ̀ nínú gbogbo íǹkì ẹ̀ pọ̀ kó tó rí i. Alàárì lè fi díẹ̀ pupa jù kí ojú má tètè mọ̀. Tí íǹkì kan bá fi bín-ín-tín lé nínú sányán, ojú á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó máa pọ́n bí inú gúáfà tàbí kó ya sí àwọ̀ ewé. Láti ìgbà yẹn, prínta èyíkéyìí tí wọ́n bá ní kí n bá wọn wò, sányán baba aṣọ ni mo fi ń wò ó. Tó bá tẹ sányán gún, ó ṣeé fọkàn tán.

L8050 tẹ sányán gún, àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mi ò mọ̀, torí abẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ni mo ti wò ó, ó ń fẹ́ pọ́n lójú mi, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo settings padà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo gbé e jáde síta, àfi bí idán, àwòrán àti aṣọ jọra wọn. Iná ló fà á. Íǹkì àti òwú kì í ṣe ohun kan náà, wọ́n lè bára wọn mu nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kí wọ́n má bára wọn mu lábẹ́ gílóòbù. Àwọn onítẹ̀wé ńlá ní ìmọ́lẹ̀ pàtó tí wọ́n fi ń wo àwọ̀, 5000 Kelvin (Kelvin ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ó wà nínú ISO 3664, ìlànà àgbáyé kan, kí gbogbo wọn lè máa rí ohun kan náà. Èmi gbé tábìlì mi sún mọ́ fèrèsé, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ mi ò kì í bá kọ́sítọ́mà mú àwọ̀ mọ́, mo máa ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n padà wá láàárọ̀.

Àwọn ohun kan wà tí kò lè ṣe, kò sì sí oníńkì mẹ́fà tó lè ṣe é. Òwú tó ń dán wínníwínní bíi góòlù tí wọ́n ń fi sínú aṣọ òkè òde òní, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó máa di búráùn tó rọ̀ bí èèpẹ̀, torí dídán ò sí nínú íǹkì. Lẹ́mọ́ọ̀nù gíríìnì tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí àti pínńkì tó ń pariwo yẹn náà, ojú fóònù lè gbé e, íǹkì ò lè gbé e, bó ti wù kẹ́ ẹ yí settings tó. Ohun tí mo ń ṣe fún irú ẹ̀ ni pé mo máa gé òwú gan-an, mo máa fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán nínú álíbọ́ọ̀mù. Kọ́sítọ́mà á fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀rọ̀ íǹkì wá kù, ó sì dùn mí dọ́kàn. Nígbà tí magenta mi tán, ẹnì kan tà á fún mi ní owó tó dín gan-an sí ti tẹ́lẹ̀, ìgò yẹn jọ ti gidi, ìwé ara ẹ̀ jọ ọ́. Mo rọ ọ́. Ojú ewé méjì péré, sányán mi ti di inú gúáfà, ojú àwọn ìyàwó inú fótò náà ń pọ́n bí ẹni tó sun oorun lójú oòrùn. Gbogbo profile àti settings tí mo ti ṣe, íǹkì gidi ni wọ́n ṣe wọ́n fún, tí íǹkì bá ti yí, asán ni gbogbo ẹ̀. Kí magenta yẹn tó tán nínú táńkì, mi ò lè tẹ iṣẹ́ tí mo lè fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo sì sọ bébà dáadáa nù. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kúpọ́ọ̀nù àti ìwé ìléwọ́ lásán lẹ̀ ń tẹ̀, ó lè má dùn yín, àmọ́ tó bá jẹ́ pé àwọ̀ lẹ̀ ń tà, ẹ ra íǹkì tó jẹ́ ti prínta yín.

Iná wa náà ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa prínta pẹ̀lú bọ́tìnì ara ẹ̀, orí tó ń ta íǹkì á padà lọ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀, wọ́n á fi ìdérí bò ó kó má gbẹ. Tí iná bá já lójijì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò ní lè délé, ìta ló máa wà, tó bá wá jẹ́ àkókò ọyẹ́, ẹ ò ní pẹ́ rí i pé cyan ò jáde dáadáa mọ́ tí gbogbo búlúù yín ti ń yọ pupa. Mo so ó mọ́ íńfátà báyìí. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé mo máa ń ṣe nozzle check, ìyẹn yíyẹ àwọn ihò tó ń ta íǹkì wò, bébà kan ṣoṣo ni, ìlà kéékèèké ló máa fà ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ìlà kan bá já láàárín, ihò kan ti dí nìyẹn. Ẹ ṣe head cleaning, kí prínta fọ orí tó ń ta íǹkì fúnra ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí kò bá lọ, ẹ pa á, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe é ní tẹ̀léǹtẹ̀lé o, íǹkì lẹ̀ ń dà nù.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: kò ní scanner, A4 ló mọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ńlá, Ṣómólú ló ṣì máa lọ. Íǹkì ẹ̀ jẹ́ olómi, tí omi bá ta sí i á ṣàn, oòrùn náà á sì máa ṣá a díẹ̀díẹ̀, gbogbo álíbọ́ọ̀mù mi inú ọ̀rá ló wà. Ohun tí mi ò retí tó sì ń pa owó wọlé fún mi ni pé ó ń tẹ káàdì PVC, ìyẹn káàdì oníke, ilé ìwé méjì ti gbé ID card àwọn ọmọ wọn wá. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì tó jẹ́ lẹ́tà ló pọ̀ níbẹ̀ ni, ẹ ra prínta lésà, tónà, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń lò dípò íǹkì, ò bìkítà omi, àwọ̀ ẹ̀ tó fún ṣáàtì àti àkọlé, àmọ́ ẹ má fi tẹ aṣọ fún ìyá ìyàwó. Máàkì tèmi, 8 nínú 10.

Lẹ́yìn ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú álíbọ́ọ̀mù tuntun mi, mo fi bírò kọ bébà tí mo lò, settings ẹ̀, àti ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, kó lè jẹ́ pé tí mo bá fẹ́ tẹ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, kan náà ló máa jáde. Ìyá Ìbàdàn yẹn padà wá lóṣù tó kọjá, ọmọ wọn kejì ló ń ṣègbéyàwó. Wọ́n tún mú ẹtù. Mo tẹ ojú ewé ẹ̀ kan fún wọn lójú wọn, mo ní kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀, wọ́n ká a sínú báàgì, wọ́n gbé e lọ sí ọjà Gbági, wọ́n fi ra léèsì tó bá a mu, kí Bàbá tó ta òwú sórí òfì.